Ọ̀gá Kòséwu àti Òfin Wúwo-Kó-O-Tó-Yè

Bí ẹ bá ń jẹun lọ́wọ́, ẹ gbé e mì ná. Ẹ mu omi lé e. N ò fẹ́ kí ìtàn yìí fa oúnjẹ sí ẹnikẹ́ni lọ́fun, kí àwọn ẹbí rẹ̀ wá máa wá mi kiri. Ọ̀rọ̀ ọkùnrin kan ni mo fẹ́ sọ, ọ̀gá àgbà pátápátá ní Àjọ Ààbò Ọkọ̀. Ìjọba gbé e sórí àga pé kó máa ṣọ́ ẹ̀mí àwa tí à ń gun mọ́tò, àmọ́ iyì ara rẹ̀ nìkan ló ń ṣọ́ látàárọ̀ ṣúlẹ̀.

Kòséwu ni gbogbo wa ń pè é. Kì í ṣe orúkọ tí ìyá rẹ̀ sọ ọ́ o. Ọ̀rọ̀ yòówù kó sọ, tó bá ti fẹ́ parí rẹ̀, á gbé ọwọ́ ọ̀tún sókè, á ní, "Níwọ̀n ìgbà tí mo bá wà níbí, kò séwu!" Ó ti sọ ọ́ níbi ìsìnkú ẹni tí mọ́tò pa rí. Ojú ò tì í.

Ara rẹ̀ tóbi. N kì í bú ẹni tó tóbi, torí bàbá tó bí mi lọ́mọ, ẹ̀gbẹ́ ló fi ń wọlé. Ohun tó ń bí mi nínú sí Kòséwu ni pé ó gbà pé bí ara òun ṣe pọ̀ tó ni ọgbọ́n òun ṣe pọ̀ tó. Ó ní kí àwọn gbẹ́nàgbẹ́nà kan pátákó sábẹ́ àga òun ní ọ́fíìsì, kí ẹni tó bá wọlé lè máa wo òun látìsàlẹ̀. Òṣìṣẹ́ kan wà lábẹ́ rẹ̀ tí kò níṣẹ́ mìíràn ju kó máa kọ́kọ́ pàtẹ́wọ́ lọ. Apàtẹ́wọ́ ní tábìlì tirẹ̀, ó sì ní fóònù. Ta ló ń pe Apàtẹ́wọ́ lórí fóònù? Ẹ má bi mí, èmi náà ò mọ̀.

Ẹ wá wo Igbákejì rẹ̀, ọkùnrin pẹ́lẹ́ńgẹ́ kan tó mọ gbogbo òfin Kòséwu lórí bí ẹni mọ orúkọ ọmọ rẹ̀. Láràárọ̀ ni yóò dúró lẹ́nu ọ̀nà.

"Ẹ káàárọ̀, sà. Ẹ kú iṣẹ́ àná, sà. Ẹ kú iṣẹ́ ọ̀la tí ẹ ò tíì ṣe, sà."

"O ṣeun. Kí làwọn ará ìlú ń sọ nípa mi?"

"Wọn ò lè sọ ọ́ tán, sà. Ọ̀rọ̀ yín ti ju ẹnu wọn lọ."

Bí Kòséwu bá sín, Igbákejì á ní, "Ẹ kú ìtọ́jú wa, sà." Bó bá yán, á ní, "Ẹ kú ìrònú." Lọ́jọ́ kan, Kòséwu sùn lọ níbi ìpàdé, ó ń han-run. Igbákejì ní kí gbogbo wọn kọ ohun tí ọ̀gá ń sọ sílẹ̀. Apàtẹ́wọ́ pàtẹ́wọ́.

Báyìí ni nǹkan rí kí ọ̀rọ̀ mọ́tò kékeré tó dé.

Ìjọba kọ́ gbọ̀ngàn ìpàdé tuntun, Kòséwu ni yóò ṣí i. Jíìpù ìjọba ló gbé e, dúdú bọ̀lọ̀jọ̀, irú èyí tó ń mu bẹntiróòlù bíi pé òùngbẹ ló bí i. Dírẹ́bà rọ epo kún inú rẹ̀ ní àárọ̀, kó tó di ọ̀sán ó ti gbẹ, ó kú sáàárín títì. Kòséwu jókòó sínú rẹ̀, ó ń làágùn. Mọ́tò ń kọjá, kò sẹ́ni tó dúró. Àfi mọ́tò pupa kékeré kan tó rọra yà sẹ́gbẹ̀ẹ́ ọ̀nà, tí obìnrin kan sì yọ orí sóde.

"Sà, ṣé kò sí o? Ẹ wọlé kí n gbé yín débi tí ẹ̀ ń lọ."

Ìyá Agbẹ̀bí nìyẹn. Orí òkè kan níkangun ìlú ló ti ń gbẹ̀bí. Ojú ọ̀nà tó gun òkè náà há débi pé bí mọ́tò kékeré bá ń bọ̀, ẹni tó ń fẹsẹ̀ rìn gbọ́dọ̀ lẹ̀ mọ́ ògiri kó tó lè kọjá. Ọkọ̀ ilé ìwòsàn ò lè wọbẹ̀. Àwọn ọdún tí kò tíì ní mọ́tò, ẹsẹ̀ ló fi ń rìn, bí ọ̀rọ̀ aboyún bá sì ju agbára rẹ̀ lọ, orí ilẹ̀kùn ni àwọn ọkùnrin máa ń tẹ́ ẹ sí láti gbé e sọ̀ kalẹ̀. Àwọn obìnrin kan kú sórí ilẹ̀kùn bẹ́ẹ̀. Ìyá Agbẹ̀bí kì í lè sọ ọ́ kí omi má bọ́ lójú rẹ̀. Ìdí nìyẹn tó fi ra mọ́tò pupa yìí. Abẹ́rẹ́ ló sọ ọ́, ó ní bó ti wù kí abẹ́rẹ́ kéré tó, kì í ṣe mímì fún adìẹ. Abẹ́rẹ́ ń gun òkè bí ewúrẹ́, bẹntiróòlù tí jíìpù Kòséwu ń fi ṣe àárọ̀ kan sì tó o lò fún ọ̀sẹ̀ méjì.

Kòséwu wọnú Abẹ́rẹ́. Bó ṣe wọlé, òun àti Ọlọ́run ló mọ̀ ọ́n. Wọ́n dé iwájú gbọ̀ngàn, àwọn àlejò ti tò sílẹ̀, àwọn oníròyìn ti gbé kámẹ́rà sójú. Ìyá Agbẹ̀bí ṣí ilẹ̀kùn. Kòséwu yọ ẹsẹ̀ kan, ó yọ orí, ó há. Ó fà, ó tì, kò yọ.

Ẹ̀yin ará, ẹni tó bá ti ṣiṣẹ́ kan pẹ́, ọwọ́ rẹ̀ á ti mọ iṣẹ́ ọ̀hún kí ọpọlọ rẹ̀ tó ronú. Ìyá Agbẹ̀bí kúnlẹ̀, ó di èjìká méjèèjì ọ̀gá mú, ó fohùn pẹ̀lẹ́ ní, "Ẹ má bẹ̀rù. Ẹ má fún ara pọ̀. Ẹ mí sínú. Ẹ mí síta. Ó yá, ẹ tì í! Ẹ tún tì í!" Kòséwu tì í. Ó yọ pọ́ọ̀, ó já lulẹ̀ lórí ikùn. Lẹ́yìn èrò, ẹnì kan tí ọwọ́ ò bà títí dòní pariwo pé, "Ọkùnrin ló bí o! Ẹ kú ewu!"

Mo sọ fún yín kí ẹ gbé oúnjẹ yín mì.

Ẹlòmíràn ì bá rẹ́rìn-ín, kó gbọn eruku nù, kó ní "Ìyá, ẹ ṣé o." Kòséwu ò dúpẹ́. Ìbínú gbé e dé ọ́fíìsì, ó sì pe ìpàdé.

Ẹ jẹ́ kí n sọ òótọ́ kan. Ọ̀rọ̀ ààbò mọ́tò kì í ṣe àwàdà. Ẹnjiníà àjọ náà, ọ̀dọ́bìnrin kan tó mọṣẹ́ rẹ̀, ti gbé òfin kan kalẹ̀ tó dára: kí gbogbo mọ́tò, ńlá àti kékeré, ní bẹ́líìtì ìjókòó tó le, bíréèkì tó ń gbọ́ràn, àti ara tí wọ́n kàn dáadáa, tí wọ́n ti gbá mọ́ ògiri wò kó tó dójú títì. Kòséwu wo ìwé náà bí ẹni wo àwo ọbẹ̀ tó ṣófo.

"Ẹnjiníà, ìwúwo dà níbí?"

"Sà, mọ́tò kékeré lè dáàbò bo ènìyàn tí wọ́n bá kàn án dáadáa. Ìwúwo nìkan ò—"

"Dúró ńbẹ̀. Bí òkúta bá bọ́ lu ẹyin, èwo ló ń fọ́?"

"Ẹyin ni, sà."

"Bí ẹyin bá bọ́ lu òkúta ńkọ́?"

"Ẹyin náà ni, sà, ṣùgbọ́n—"

"Ó tán! Kí gbogbo mọ́tò di òkúta!"

Apàtẹ́wọ́ pàtẹ́wọ́, gbogbo ilé gbà á. Igbákejì ń fi áńkáṣífù nu ojú, ó ní ọgbọ́n náà ti wọ òun lára.

Ẹnjiníà ò dákẹ́. Ó ní, "Sà, àwọn mọ́tò kékeré yìí kì í mu epo. Tí a bá di irin lé wọn, epo tí wọ́n ń fi pamọ́ fún tálákà á lọ."

Kòséwu dìde lórí pátákó rẹ̀. Ẹ wá gbọ́ ọ̀rọ̀ ọ̀gá ńlá.

"Kì í mu epo! Ẹ gbọ́ ohun tó ń fi yangàn! Bí ọmọ yín bá délé tí kò jẹun láàárọ̀, tí kò jẹun lọ́sàn-án, ṣé ẹ ó ní ara rẹ̀ yá? Dókítà lẹ máa gbé e lọ! Mọ́tò tí kì í mu epo, àìsàn ló ń ṣe é! Èmi ni yóò wò ó sàn! Níwọ̀n ìgbà tí mo bá wà níbí, kò séwu!"

Báyìí ni wọ́n ṣòfin. Gbogbo mọ́tò gbọ́dọ̀ gun òṣùwọ̀n ńlá kan ní pápá àjọ, ọwọ́ òṣùwọ̀n sì gbọ́dọ̀ kan àmì aláwọ̀ ewé tí Kòséwu fọwọ́ ara rẹ̀ kùn síbẹ̀. Èyí tí kò bá kàn án, wọ́n á gbẹ́sẹ̀ lé e, bó bá sì di Ọjọ́ Ààbò, wọ́n á fi ẹ̀rọ tẹ̀ ẹ́ pẹlẹbẹ níwájú Mínísítà. Àwa ará ìlú sọ òfin náà ní Wúwo-Kó-O-Tó-Yè.

Kí ni ènìyàn ò ní rí tán? Àwọn wẹ́dà di olówó. Wọ́n jó irin mọ́ iwájú, wọ́n jó irin mọ́ ẹ̀yìn, àwọn mọ́tò wá ń rìn bí ẹni tó gbé ilé rẹ̀ sórí. Ẹni tí kò rí irin rọ iyanrìn sínú àpò, ó kó o sí búùtù. Àwọn onítakisí ò gbé ẹni tín-ín-rín mọ́. "Àǹtí, ẹ lọ jẹun kẹ́ ẹ tó wá." Obìnrin aránṣọ kan wà tí wọ́n ń pè ní Rọ̀bọ̀tọ̀, tí wọ́n ti ń fi ara rẹ̀ ṣe yẹ̀yẹ́ láti kékeré. Òun náà ló wá di ọ̀wọ́n gógó. Wọ́n ń wá a láti àdúgbò dé àdúgbò pé kó wá bá àwọn jókòó sínú mọ́tò títí òṣùwọ̀n á fi kan àmì. Á jókòó, mọ́tò á yege, á sọ̀ kalẹ̀, á wọ òmíràn. Àwọn tó ń fi í ṣe yẹ̀yẹ́ wá ń pè é ní màdáámù.

Ewu tí wọ́n ní àwọn ń lé, àwọn gan-an ló fà á wálé. Bíréèkì mọ́tò kékeré, mọ́tò kékeré ni wọ́n ṣe é fún. Tíṣà kan kó òkúta sí ẹ̀yìn tirẹ̀, ó tẹ bíréèkì níwájú ilé ẹ̀kọ́, bíréèkì ò gbọ́. Mọ́tò wọ gọ́tà, òkúta sì fò látẹ̀yìn wá, ó bà á lórí. Ẹnjiníà sáré mú ìròyìn lọ fún ọ̀gá.

"Ṣé mọ́tò náà fọ́?" Kòséwu bi í.

"Kò fọ́, sà. Orí tíṣà ló fọ́."

"Ó dára. Òfin ti ṣiṣẹ́."

N ò fi kún un, bó ṣe sọ ọ́ nìyẹn.

Nígbà tó yá, olófòófó kan lọ sọ fún un pé àwọn ènìyàn ń da iyanrìn nù lẹ́yìn òṣùwọ̀n, pé Rọ̀bọ̀tọ̀ náà kì í bá mọ́tò lọ. Inú bí Kòséwu. Ó fi òfin kejì lé ti àkọ́kọ́: Bí a ṣe wọ̀n ọ́n ni kó rìn. Ohunkóhun tó bá wà nínú mọ́tò lórí òṣùwọ̀n, ó ti di ara mọ́tò náà. Kò gbọ́dọ̀ sọ̀ kalẹ̀ lójú títì. Bó bá sọ̀ kalẹ̀, ẹ̀ṣọ́ á gbé e lọ sí yáàdì ìjọba, ẹni tó ni mọ́tò nìkan ló sì lè wá gbà á. Igbákejì kọ́ èyí náà sórí, kódà ó ń kọ ọ́ lórin nílé ìwẹ̀. Rọ̀bọ̀tọ̀ gbọ́, ó padà sídìí máṣíìnì rẹ̀.

Ìyá Agbẹ̀bí ò fi irin sí Abẹ́rẹ́, kò sì rọ iyanrìn sí i. Ó ní, "Tó bá wúwo, kò ní lè gun òkè. Tí kò bá lè gun òkè, kí ni mo fẹ́ fi ṣe, kí n máa wò ó?" Ó gbé e lọ sórí òṣùwọ̀n bó ṣe rí. Ọwọ́ òṣùwọ̀n ò dé ìdajì. Wọ́n gbẹ́sẹ̀ lé Abẹ́rẹ́.

Ó wọ ọ́fíìsì Kòséwu lọ, ó kúnlẹ̀ nísàlẹ̀ pátákó.

"Ọ̀gá, mo bẹ̀ yín. Aboyún kan wà lórí òkè wa, ọmọ inú rẹ̀ fẹ̀gbẹ́ dùbúlẹ̀. Kò lè bí i fúnra rẹ̀, ilé ìwòsàn ni wọ́n ti máa fi iṣẹ́ abẹ gbé ọmọ náà jáde. Mo ní kó wá máa gbé nísàlẹ̀, àmọ́ ìyá rẹ̀ tó rọ lápá lẹ́sẹ̀ wà lọ́wọ́ rẹ̀, kò rẹ́ni fi í sílẹ̀ fún. Bó bá rọbí tí n kò ní mọ́tò tí màá fi gbé e sọ̀ kalẹ̀, ó máa kú ni. Òun àti ọmọ."

Kòséwu tẹjú mọ́ ọn. Ó dá a mọ̀. Etí rẹ̀ gbóná.

"Àṣé ìwọ ni! Ìwọ lo ní mọ́tò abùkù yẹn! Gbọ́, obìnrin: ẹ̀mí ẹnì kan ò tó nǹkan lẹ́gbẹ̀ẹ́ ààbò gbogbo ènìyàn. Lọ́jọ́ Ààbò, mọ́tò rẹ ni wọ́n máa kọ́kọ́ tẹ̀."

"Ọ̀rọ̀ rèé!" ni Igbákejì wí.

Ìyá Agbẹ̀bí dìde. Kò tún bẹ̀ ẹ́ mọ́. Ó sunkún dé ilé, kò sì fi pamọ́ fún ẹnikẹ́ni.

Ọjọ́ Ààbò pé. Wọ́n ta ìbòrí, wọ́n to àga, wọ́n gbé ẹ̀rọ ìtẹmọ́tò sáàárín pápá, ó ń kùn hùn-hùn. Mínísítà dé, obìnrin àgbàlagbà kan tí ọ̀rọ̀ rẹ̀ kì í pọ̀, tí oorun sì ń kùn ún díẹ̀díẹ̀. Kòséwu gba máìkì. Ó kí Mínísítà, ó kí ọkọ Mínísítà tí kò wá, ó kí àwọn tó bí Mínísítà àti àwọn tó tọ́ ọ, lẹ́yìn náà ló kí ara rẹ̀. Ó ní kí òun tó débẹ̀ ikú ń rìn kiri títì láìwọ bàtà. Ó ní ṣùgbọ́n láti ìgbà tí òun ti dé, ikú ti fi ìlú sílẹ̀. Ó ní ìjàǹbá ti dín kù pátápátá. Bẹ́ẹ̀ ni, ó dín kù: ta ló ń rí mọ́tò gùn?

Wọ́n ti Abẹ́rẹ́ bọ́ sí iwájú ẹ̀rọ. Ìgbà yẹn gan-an ni fóònù Ìyá Agbẹ̀bí dún láàárín èrò. Ó gbọ́ ọ, ó kígbe, ó sì sáré wọ àárín pápá, ó na ọwọ́ méjèèjì bo orí Abẹ́rẹ́.

"Ó ti ń rọbí! Ẹ̀yin ènìyàn, obìnrin yẹn ti ń rọbí! Ẹ fún mi ní mọ́tò mi!"

"Ẹ gbé e kúrò!" Kòséwu pariwo sínú máìkì. "Mọ́tò tí kò wúwo tó kò gbọ́dọ̀ rìn! Òfin lòfin ń jẹ́!"

Mínísítà la ojú. "Kí ló dé?"

Ẹnjiníà ló sáré lọ ṣàlàyé fún un létí. Mínísítà fetí sílẹ̀, ó wo Abẹ́rẹ́, ó wo ẹ̀rọ.

"Báwo ló ṣe kù tó, kí òṣùwọ̀n tó gbà á?"

"Ó kù tó ènìyàn mélòó kan, mà. Àbí ká ní ènìyàn kan, tí ẹni náà bá... tí ẹni náà bá jọjú."

Gbogbo pápá kàn yíjú sí ibì kan náà. Kòséwu wo ẹ̀yìn, bóyá ẹlòmíràn ni wọ́n ń wò. Kò sẹ́nì kankan lẹ́yìn rẹ̀.

"Ọ̀gá," ni Mínísítà wí, "ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá wa wọnú ẹ̀."

Kámẹ́rà pọ̀, Mínísítà ò sì rẹ́rìn-ín. Kí ni ó fẹ́ ṣe? Igbákejì ṣí ilẹ̀kùn, ó ní, "Ẹ wọlé tiyìtiyì, sà," ó sì fi èjìká tì í wọlé. Wọ́n ti Abẹ́rẹ́ gun òṣùwọ̀n. Ọwọ́ òṣùwọ̀n gbéra, ó ń lọ, ó ń lọ, ó kan àmì aláwọ̀ ewé, ó kọjá rẹ̀. Èrò hó yèè. Apàtẹ́wọ́ pàtẹ́wọ́, iṣẹ́ rẹ̀ ni.

"Ó tó?"

"Ó tó, mà," ni Ẹnjiníà dáhùn.

"Mọ́tò yìí ti di aláàbò nìyẹn. Ìyá, ẹ máa wà á lọ."

"Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ sọ̀ kalẹ̀!" Kòséwu kígbe láti inú.

Mínísítà yíjú sí Igbákejì. "Kí lòfin wí?"

Ọkùnrin yẹn ì bá dákẹ́. Àmọ́ ẹni tó ti fi gbogbo ayé rẹ̀ kọ́ ọ̀rọ̀ ọ̀gá sórí, wọ́n ní kó wá sọ ọ́ níwájú Mínísítà, ṣé á dákẹ́ ni? Ó gbé àyà sókè. "Bí a ṣe wọ̀n ọ́n ni kó rìn, mà! Ohunkóhun tó bá wà nínú mọ́tò lórí òṣùwọ̀n, ó ti di ara mọ́tò náà!"

Ìyá Agbẹ̀bí ò dúró gbọ́ ìyókù. Ó ti bọ́ sórí ìjókòó dírẹ́bà, ó ti tẹná. Bí ara mọ́tò ṣe bá mọ́tò lọ nìyẹn.

Abẹ́rẹ́ ń mí hẹlẹ-hẹlẹ lójú títì, ikùn rẹ̀ ń họ ilẹ̀. Kòséwu ń pariwo pé kó rọra, pé orí òun ń lu òrùlé. Ìyá Agbẹ̀bí tún tẹná sí i. Wọ́n dé ìsàlẹ̀ òkè, Abẹ́rẹ́ gbìyànjú, ó gùn díẹ̀, ó yí padà sẹ́yìn. Ó tún gbìyànjú, èéfín yọ. Ìyá Agbẹ̀bí fa bíréèkì.

"Ọ̀gá, ẹ sọ̀ kalẹ̀."

"Sọ̀ kalẹ̀ kẹ̀? Òfin ò gbà! Àwọn oníròyìn á ní mo rú òfin ara mi!"

"Obìnrin ń kú lókè yẹn!"

"Ẹ wá ọ̀nà mìíràn gbà!"

"Ọ̀nà wo? Ẹ̀yin lẹ dí ọ̀nà!"

Ó bọ́ sílẹ̀, ó ké sí àwọn bíríkìlà tó ń mọ ògiri lẹ́bàá ọ̀nà. Wọ́n wá, ẹnì kan fa apá, ẹnì kan fa ẹsẹ̀. Kòséwu ń bú wọn, wọ́n ń fà á. Ó yọ. Wọ́n gbé e jókòó sórí òkìtì iyanrìn. Kó tó gbá yẹ̀pẹ̀ kúrò lẹ́nu, Abẹ́rẹ́ ti já wọ ọ̀nà tóóró yẹn, ó ti pòórá sókè.

Ẹnì kan wá dúró síwájú Kòséwu. Ẹ̀ṣọ́ ìsàlẹ̀ òkè ni, ọkùnrin aláṣọ pupa-rúsúrúsú kan tí kì í rẹ́rìn-ín. Kòséwu fúnra rẹ̀ ló fi í síbẹ̀ kó máa mú àwọn tó ń da iyanrìn nù.

"Ẹrù mọ́tò pupa nìyí," ni Ẹ̀ṣọ́ wí. "Wọ́n sọ ọ́ kalẹ̀ lójú títì. Dìde, yáàdì là ń lọ."

"Ṣé o ò mọ̀ mí ni? Èmi ni ọ̀gá rẹ!"

"Ọ̀gá mi wà ní pápá, ó ń sọ̀rọ̀ níwájú Mínísítà. Dìde."

Ó kó o sẹ́yìn ọkọ̀ akẹ́rù pẹ̀lú àpò iyanrìn mẹ́ta tó ti mú láàárọ̀. Nígbà tí wọ́n dé yáàdì, ó fi ẹfun kọ ọ́ sí i lẹ́yìn: MỌ́TÒ PUPA.

Mínísítà ti tẹ̀ lé Abẹ́rẹ́ láti pápá, òun àti àwọn jíìpù rẹ̀. Wọ́n dé ẹnu ọ̀nà òkè, jíìpù àkọ́kọ́ há sáàárín ògiri méjì, kò lè lọ, kò lè bọ̀. Mínísítà sọ̀ kalẹ̀, ó dúró nínú oòrùn. Kò pẹ́ sí i, Abẹ́rẹ́ ń bọ̀ láti òkè, aboyún yẹn nà gbalaja lórí ìjókòó ẹ̀yìn, ó di ọwọ́ mọ́ ilẹ̀kùn, ó ń ké. Àwọn dírẹ́bà gbé jíìpù sẹ́yìn pẹ̀lú ọwọ́ lásán kí Abẹ́rẹ́ lè ráyè kọjá. Mínísítà wò ó títí ó fi yà sọ́nà ilé ìwòsàn. Ojú rẹ̀ pọ́n. Kó tó di ìrọ̀lẹ́ ló ti sọ lórí rédíò pé òfin ìwúwo ti parẹ́, pé ti Ẹnjiníà ni wọ́n máa tẹ̀ lé, ti bẹ́líìtì àti bíréèkì àti ara mọ́tò tí wọ́n kàn dáadáa, pé Ẹnjiníà náà ló máa jókòó sórí àga.

Kòséwu gbọ́ ọ ní yáàdì. Ó fi fóònù pe Igbákejì.

"Èmi ni. Wá mú mi."

"Ta nìyẹn?" ni Igbákejì wí. "Ẹ má bínú, ọ̀gá obìnrin wa ń sín lọ́wọ́, mo fẹ́ kí wọn." Ó gé fóònù náà.

Kòséwu wá yíjú sí Ẹ̀ṣọ́. "O gbọ́ rédíò àbí o ò gbọ́? Òfin ti parẹ́!"

"Rédíò kọ́ ló fún mi ní òfin. Ẹni tó ni mọ́tò nìkan ló lè gbà ọ́."

Bẹ́ẹ̀ ló ṣe jókòó sórí àpò iyanrìn, láàárín irin àti òkúta, títí oòrùn fi ń wọ̀. Ebi ń pa á. Àwọn ènìyàn ń yọjú láti ẹnu géètì, wọ́n ń wò ó, wọ́n ń lọ.

Ìyá Agbẹ̀bí dé, aṣọ rẹ̀ rún, ojú rẹ̀ wú. Àwọn bíríkìlà ló sọ fún un pé ibẹ̀ ni wọ́n gbé Kòséwu lọ. Wọ́n ti gbé ọmọ jáde ní ilé ìwòsàn: obìnrin ni, ó ń ké dáadáa, ìyá rẹ̀ sì ti mu omi. Bí Kòséwu bá ti bi í, ì bá sọ fún un. Ó dúró díẹ̀ kí ọ̀gá lè bi í.

"Ìyá, ẹ ṣeun tẹ́ ẹ wá," ni Kòséwu wí. "Àbí òótọ́ ni pé wọ́n ti gbé àga mi fún ẹlòmíràn?"

Ìyá Agbẹ̀bí mi orí. Ẹ̀ṣọ́ súnmọ́ ọn.

"Màmá, ṣé ẹrù yín nìyí?"

"Òun ni. Mo gbà á. Ẹ jẹ́ kó máa lọ."

Kòséwu fò dìde, ẹfun ṣì wà lẹ́yìn rẹ̀. Ó rìn wìrìwìrì lọ bá Abẹ́rẹ́, ó ti di ọwọ́ ilẹ̀kùn mú. Ìyá Agbẹ̀bí rọra mú ọwọ́ rẹ̀ kúrò níbẹ̀.

"Rárá, sà. Ẹ fẹsẹ̀ rìn. Mọ́tò mi kéré, mo sì ń lọ gbé ìyá obìnrin yẹn tó rọ, kó lè wá wo ọmọ-ọmọ rẹ̀."